Ìdámárùn-ún kọ́ ni pásẹ́ǹtì márùn-ún o

Ẹni wa tó bèèrè bóyá ọ̀kan náà ni ìdámárùn-ún àti pásẹ́ǹtì márùn-ún, rárá o. Ìdámárùn-ún ni ká pín nǹkan sọ́nà márùn-ún, ká mú ọ̀kan: nínú 100,000 náírà, 20,000 ni. Pásẹ́ǹtì márùn-ún jẹ́ márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, 5,000 péré. Ìdámẹ́wàá tí à ń san ní ṣọ́ọ̀ṣì, pásẹ́ǹtì mẹ́wàá ni. Orí mẹ́wàá yìí nìkan ni méjèèjì ti bára mu, òun ló ń ṣi èèyàn lọ́nà.

Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ mí lówó ni ìbéèrè tí n kò bi àwọn tó yá mi lówó: pásẹ́ǹtì márùn-ún nínú kí ni? Mo fẹ́ ra fírísà ẹja, mo wá yá 200,000 ní báǹkì kékeré kan, oṣù mẹ́wàá. Ọmọkùnrin tó wọ táì níbẹ̀ ní, "Pásẹ́ǹtì márùn-ún péré lóṣù, mọ́mì." Ẹ̀yìn páálí ẹja ni mo ti ṣírò rẹ̀: oṣù kìíní, 10,000, bí mo bá ti dá 20,000 padà, èlé á di 9,000, á di 8,000, títí á fi ku 1,000. Àpapọ̀ rẹ̀, 55,000. Mo fọwọ́ sí i.

Oṣooṣù ni wọ́n ń gba 10,000! Orí 200,000 àkọ́kọ́ ni wọ́n ń ṣírò rẹ̀ lé, bí mo tiẹ̀ ti dá ọ̀pọ̀ padà. Oṣù kẹwàá, 20,000 ló kù lọ́rùn mi, wọ́n gba èlé 10,000 lé e. Ìdajì! Mo fárígá. Ọmọ náà kàn fi ìka han ìlà wíntínwíntín kan nínú ìwé, ó ní ṣebí mo ti buwọ́ lù ú. Èlé 100,000 ni mo san. Ó mọ̀ látilẹ̀, kò sọ.

Ẹ má fi aládùúgbò ṣe onídùúró náà o. Oṣù kan tí mo pẹ́ san, iwájú ṣọ́ọ̀bù ìyá tó dúró fún mi ni wọ́n lọ jókòó sí.

Ìjọba gan-an ń fi ọ̀rọ̀ yìí rú wa lójú. Ní oṣù kejì ọdún 2020, VAT, owó orí tí ìjọba ń gbà lórí ọjà, kúrò ní pásẹ́ǹtì márùn-ún, ó di méje àbọ̀. Wọ́n ní méjì àbọ̀ péré ló lé. Lórí ọjà 1,000 náírà, owó tí à ń san kúrò ní 50, ó di 75. Ìdajì ara rẹ̀ ló fi lé sí i, pásẹ́ǹtì àádọ́ta gbáko.

Bí wọ́n bá ti pe pásẹ́ǹtì, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní náírà, oṣù kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ẹ tó mú báírò.