Switch Ìsánlú tó ń gbàgbé: bí ẹ ṣe lè máa tọ́jú rẹ̀ láti Toronto

Okun o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kú àníyàn ilé.

Ẹ ní switch Cisco (àpótí tó ń so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ra wọn) tí ẹ rà fún yàrá kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ yín ní Ìsánlú ṣì ń rántí ohun tí ẹni tó gbé e kalẹ̀ tò sí i, àmọ́ ohun tí ẹ̀yin bá fi kún un láti Toronto ń parẹ́ ní gbogbo ìgbà tí NEPA bá mú iná lọ. Ẹ tún ní lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ fọwọ́ kan VLAN (ọ̀nà tí switch fi ń pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀), ẹ sì ti ara yín mọ́ta; ìgbà tí iná lọ tó tún dé ni ẹ tó rí ọ̀nà wọlé. Switch yín ò bàjẹ́. Ẹ má ra òmíràn.

Ibi méjì ni ètò rẹ̀ ń gbé. running-config ló ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, inú RAM, ìrántí onígbà díẹ̀, ló wà. Iná lọ, òun náà lọ. startup-config wà nínú NVRAM, ìrántí tí kì í parẹ́ bí iná bá lọ, òun sì ni switch ń kà nígbà tó bá ń jí. Ọ̀pọ̀ ohun tí ẹ ń tẹ̀, inú ti àkọ́kọ́ ló ń lọ. Àfi kí ẹ tẹ copy running-config startup-config, ìyẹn ni fífi í pamọ́, kí èkejì tó mọ̀ nípa rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ show startup-config, kí ẹ fojú ara yín rí i pé ó wọlé.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ìgbàgbé yẹn kan náà ló yọ yín lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ká ní ẹ ti fi àṣìṣe yẹn pamọ́ ni, orí rẹ̀ ni ì bá máa jí sí. Èmi fi irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ pamọ́ sórí switch ilé wa ní Kabba rí, àbúrò mi ló ti Lọ́kọ́ja wá pẹ̀lú wáyà console (èyí tí wọ́n fi ń so kọ̀ǹpútà mọ́ switch tààrà) kó tó tún un ṣe, ó dùn mí gan-an. Láti ìgbà náà, kí n tó fọwọ́ kan ohun tó lè gé mi kúrò, mo máa ń fi èyí tó dára pamọ́ ná, màá wá tẹ reload in 10. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, switch á pa ara rẹ̀, á tún tan, á padà sórí èyí tí mo fi pamọ́. Láàárín ìṣẹ́jú 10 yẹn ni mo ń ṣe àyípadà. Bí mo bá ṣì ń wọlé, tí àwọn tó wà nílé náà sọ pé íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣiṣẹ́, mo tẹ reload cancel, mo sì fi pamọ́. Bí mo bá ti gé ara mi kúrò, mo dúró dè é ni.

Bí ẹ bá tẹ reload tó bi yín pé Save? [yes/no], ẹ fara balẹ̀. Yes ń fi ohun tó wà lọ́wọ́ pamọ́ tàṣìṣe-tàṣìṣe.

Ẹ bá mi kìlọ̀ fún ọmọ tó wà nílé: bí ẹ bá ní kó tún un tan, kó yọ wáyà iná, kó dúró díẹ̀, kó dá a padà. Kó má tẹ bọ́tìnì Mode o. Lórí ọ̀pọ̀ switch Catalyst ti Cisco, bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tó ìṣẹ́jú àáyá 10, ó lè nu gbogbo ètò náà dànù.

Lálẹ́ òní, ẹ tẹ terminal length 0 (kó lè jáde tán láìdúró lágbedeméjì), ẹ tẹ show running-config, kí ẹ da gbogbo rẹ̀ kọ sínú fáìlì kan lórí kọ̀ǹpútà yín. Ẹ má fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí, torí ọ̀rọ̀ ìwọlé wà nínú rẹ̀.