Áàpù pọ̀ lójú fóònù, èyí tí mo fẹ́ ni mi ò rí

Ìbéèrè: POS ni mò ń ṣe lẹ́bàá ọjà ní Kàbbà. Áàpù orí fóònù Android mi ti lé ní 60, wọ́n tàn ká ojú-ewé márùn-ún. Oníbàárà á dúró tì mí, èmi á máa fìka gbá ojú fóònù síwá sẹ́yìn kí n tó rí áàpù báńkì. Bí mo bá tò wọ́n lónìí, kò ní pẹ́ tí wọ́n á tún tú. Kí ni ṣíṣe?

Ìdáhùn: Okun o, ẹ kú ọjà. Ẹ má fojú wá áàpù mọ́, orúkọ ni kí ẹ fi wá a. Ẹ fìka gbá ojú fóònù láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, gbogbo áàpù á yọ, pẹ̀lú àyè tí a ti ń kọ ohun tí à ń wá. Ẹ tẹ lẹ́tà méjì tàbí mẹ́ta péré. Bó bá jẹ́ WhatsApp, “wh” ti tó. Kò gba dátà rárá, nítorí náà bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti lọ, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. (Oní-iPhone á gbá ààrin ojú fóònù wálẹ̀ ni.)

Ìlà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá kì í kúrò, ojú-ewé yòówù kí ẹ ṣí. Áàpù mẹ́rin tàbí márùn-ún ló sábà máa ń gbà. Áàpù báńkì, ẹ̀rọ ìṣírò, ìpè, àti ibi tí àlẹ́ẹ̀tì ń wọlé sí ni kí ẹ kó síbẹ̀. Bó bá ti kún, ẹ kọ́kọ́ fa ọ̀kan jáde.

Àwọn yòókù lè wọ fódà: ẹ tẹ ọ̀kan mọ́lẹ̀, ẹ fà á gun orí èkejì, ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ tó yọwọ́. Bí ẹ bá kánjú, ńṣe ni èkejì á yẹ̀ fún un. Èyí tí ẹ ń lò ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú kò yẹ nínú fódà o. Ẹ óò máa tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ìdí tí wọ́n fi ń tú ni pé áàpù tuntun máa ń gbé ara rẹ̀ síta. Ẹ tẹ ibi tó ṣófo lójú fóònù mọ́lẹ̀, ẹ wọ “Settings” tó bá yọ, kí ẹ sì pa èyí tó ń sọ pé kí áàpù tuntun máa bọ́ sójú fóònù; bí wọ́n ṣe kọ ọ́ yàtọ̀ láti fóònù sí fóònù. Lórí Samsung, “Lock Home screen layout” wà níbẹ̀ pẹ̀lú, òun ni kì í jẹ́ kí áàpù kúrò ní àyè rẹ̀. Bí áàpù bá kọ̀ tí kò ṣeé fà, “Lock” yìí ni ẹ óò pa. Tí ẹ bá tò ó tán, ẹ tàn án padà, ọwọ́ ọmọdé ò ní lè tú u.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ méjì tó ń yọ bí ẹ bá tẹ áàpù mọ́lẹ̀. “Remove” kàn ń gbé e kúrò lójú fóònù ni, ẹ ṣì lè wá a jáde kí ẹ fà á padà. “Uninstall” ń pa áàpù náà rẹ́ kúrò lórí fóònù. Bó bá jẹ́ ti báńkì, ẹ óò tún dátà rà, ẹ óò tún un gbé wọlé, ó sì lè ní kí ẹ forúkọ fóònù sílẹ̀ lákọ̀tun, nígbà tí oníbàárà ń dúró dowó.