Owó Oṣù Kẹtàlá: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín

Nínú ìtẹ̀jáde tó kọjá, a mẹ́nu ba owó oṣù kẹtàlá, èyí tí òfin ní kí agbanisíṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Fílípínì san kí Kérésìmesì tó dé. Ìbéèrè tó tẹ̀lé e láti Àkúrẹ́ àti Òǹdó pọ̀ ju bí a ti rò lọ. A mú márùn-ún nínú wọn.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé iṣẹ́ kan ní Manila ni mò ń bá ṣiṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láti ilé mi níbí. Láti oṣù Kẹsàn-án ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó wà lọ́hùn-ún ti ń ka ọjọ́ de owó oṣù kẹtàlá. Ṣé ó kan èmi náà? Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀? (Ọmọ Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́)

Ìdáhùn: Ìwé àdéhùn yín ni kí ẹ kọ́kọ́ mú jáde. Bí ohun tó wà níbẹ̀ bá jẹ́ pé alágbàṣe ni yín, tí ẹ̀ ń kọ ìwé owó ránṣẹ́ kí wọ́n tó sanwó, òfin ọ̀hún kò kàn yín. Òṣìṣẹ́ tó wà lábẹ́ òfin iṣẹ́ Fílípínì ló wà fún. Alágbàṣe tó bá fẹ́ irú owó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ bá wọn dúnàádúrà rẹ̀ wọ inú àdéhùn, ìgbà tí wọ́n bá sì ń tún àdéhùn ṣe ló yẹ kó sọ ọ́. Tó bá di oṣù Kejìlá, wọ́n ti pín owó tán.

Ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 1975 ni Ààrẹ Ferdinand Marcos gbé òfin náà jáde, Àṣẹ Ààrẹ nọ́ńbà 851. Nígbà yẹn, ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò ju 1,000 pésò lọ nìkan ló kàn. Corazon Aquino ló mú ààlà yẹn kúrò ní 1986. Ní báyìí, òṣìṣẹ́ yòówù tí kì í ṣe ara àwọn ọ̀gá, tó bá ti ṣiṣẹ́ tó oṣù kan péré láàárín ọdún, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ inú ilé pàápàá wà nínú rẹ̀, òfin tiwọn jáde ní 2013. Ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ni gbèdéke.

Ìṣirò rẹ̀ kò le: ẹ ro gbogbo owó oṣù gidi tí ẹni náà gbà lọ́dún yẹn pọ̀, kí ẹ pín in sí ọ̀nà 12. Ẹni tó ń gba 15,000 pésò láti oṣù Kìíní títí dópin yóò gba 15,000. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje, oṣù mẹ́fà ló ṣe: 90,000 tí a pín sí 12 jẹ́ 7,500. Orí “owó oṣù gidi” yẹn ni ìjà ti máa ń bẹ́ sílẹ̀. Owó àṣekún iṣẹ́, owó iṣẹ́ òru, owó oúnjẹ àti owó ọkọ̀ kò sí nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí ènìyàn kò wá síṣẹ́ tí wọ́n sì yọ owó rẹ̀ á tún dín in kù. Ẹni tó ń mú 22,000 lọ sílé lóṣooṣù nítorí iṣẹ́ òru lè rí 15,000 péré, kó máa pariwo pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Wọn kò rẹ́ ẹ jẹ. Ẹni tó fiṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọdún náà kò pàdánù: ìwọ̀n oṣù tó ṣe ni wọ́n á san fún un. Láti 2018, owó orí kì í wọ inú rẹ̀ àfi bí òun àti àwọn ẹ̀bùn míì láti ibi iṣẹ́ bá ju 90,000 pésò lọ lọ́dún.

Ìbéèrè: Ọ̀gá wa ní kò sí òfin tó ní kí òun fún wa ní kọ́bọ̀ fún ọdún, àpò ìrẹsì tí òun ń pín fún wa, àánú ni. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? (Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aládàáni, Alágbàkà, Àkúrẹ́)

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni. Ní Nàìjíríà, kò sí òfin tó sọ owó oṣù kẹtàlá di dandan. Àfi bí ó bá wà nínú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ yín, tàbí nínú àdéhùn tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yín bá wọn ṣe. Nígbà náà ó ti kúrò ní àánú, ẹ lè béèrè rẹ̀. Ní Fílípínì pàápàá, oṣù kẹtàlá nìkan ni òfin dì mú. Owó Kérésìmesì tí ilé iṣẹ́ bá fi lé e lórí, ọwọ́ ọ̀gá ló wà. Ẹ rántí pé owó ọdún ń wọ inú ìṣirò owó orí níbí: ẹni tí wọ́n ṣèlérí 100,000 náírà fún, kó má ṣètò ìnáwó 100,000.

Ìbéèrè: Ẹ kú làákàyè o. Ọmọkùnrin mi wà nínú ọkọ̀ òkun, ará Fílípínì ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ó ní ìdílé wọn ń gba owó lóṣooṣù, owó ọdún tún ń bẹ fáwọn tó wà nílé, síbẹ̀ gbèsè ni wọ́n fi ń jẹun. Ibo ni owó náà ń gbà lọ? (Ìyá Àkọ́bí, Òkè-Àró, Àkúrẹ́)

Ìdáhùn: Ìyá wa, ti àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òkun yàtọ̀ díẹ̀. Àdéhùn tí ìjọba wọn là kalẹ̀ ní kí wọ́n fi ó kéré tán ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gidi wọn ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù, láti báńkì, sọ́wọ́ ẹni tí òṣìṣẹ́ náà bá fa kalẹ̀. Ẹni tó wà nílé ló ń ná an nìyẹn. Bí ẹni náà bá wá jẹ́ ìyá tí ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti ọmọ wọn ń wojú rẹ̀, kò sí iye tó lè tó. Ẹ ò kúkú nílò kí a ṣàlàyé ìyẹn fún yín.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ìlú ńkọ́? Òfin ní kí wọ́n máa sanwó fún wọn ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, kí àárín ìsanwó méjì má sì ju ọjọ́ 16 lọ. Ọjọ́ 15 àti ọjọ́ 30 ló wọ́pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń fi ìsanwó kan gbọ́ bùkátà owó ilé, iná àti omi, wọ́n á fi èkejì jẹun kí wọ́n sì fi rán ọmọ nílé ìwé. Lọ́jọ́ owó, ìlà á gùn nídìí ẹ̀rọ ìpọwó, àwọn ilé ìtajà ńlá á kéde ẹ̀dínwó tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sí ọjọ́ náà, ìdílé á jáde lọ jẹun. Tó bá ku ọjọ́ mẹ́rin-márùn-ún kí owó míì wọlé, wọ́n ti wọ àkókò tí wọ́n ń pè ní petsa de peligro, àwọn ọjọ́ eléwu. Ẹyin, sáàdìnì inú agolo àti indomí ló kù nílé.

Lásìkò yẹn, sari-sari ni wọ́n ń sá sí. Ìsọ̀ kékeré iwájú ilé ni, irú èyí tó wà ní gbogbo kọ̀rọ̀ Ìsìkàn: ọṣẹ ìfọrun ọlọ́ràá kan, sìgá ẹyọ kan, òróró tó tó ìsebẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan. Oní ìsọ̀ ní ìwé tó ń kọ àwìn sí. Kí ẹnikẹ́ni má pe ẹni tó ń ra ọlọ́ràá ní aláìgbọ́n. Kò ní owó gálọ́ọ̀nù lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, ọbẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jinná. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá da òróró ọlọ́ràá pọ̀ di gálọ́ọ̀nù, ẹ ó rí i pé owó rẹ̀ ju ti gálọ́ọ̀nù lọ dáadáa, àwìn sì ni wọ́n fi rà á.

Èyí tó ń pa wọ́n jù ni 5-6, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò owó gbọ́mú-lé-láńtà tiwa. Yá márùn-ún, san mẹ́fà. Ẹni tó yá 1,000 pésò á san 1,200. Bí ó bá jẹ́ ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n dá fún un, 40 pésò ni ayánilówó ń wá gbà lójoojúmọ́. Ojú lásán á rí èlé ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ tún un wò. Láti ọjọ́ kìíní lẹ ti ń dá owó olówó padà, nítorí náà 1,000 yẹn kò sí lọ́wọ́ yín fún oṣù kan. Tí a bá pín in káàkiri ọjọ́ 30, nǹkan bí 500 ló wà lọ́wọ́ yín lójúmọ́, 200 sì ni èlé rẹ̀. Ìdá 40 nìyẹn, lóṣù kan ṣoṣo.

Bí oṣù kẹtàlá bá wá dé, ìwé àwìn àti 5-6 ló kọ́kọ́ jẹ nínú rẹ̀. Ọdún á gba ìyókù, ọdún tiwọn sì gùn: láti oṣù Kẹsàn-án ni orin Kérésìmesì ti ń dún káàkiri ìlú. Láti ọjọ́ 16 sí 24 oṣù Kejìlá, ìsìn ìdájí ni lójoojúmọ́. Alẹ́ ọjọ́ 24, àsè Noche Buena. Lọ́jọ́ Kérésìmesì, àwọn ọmọ á lọ kí baba àti ìyá ìsàmì wọn, tí wọ́n ń pè ní ninong àti ninang, láti gba aguinaldo, owó tuntun tó ń dún gbánú-gbánú. Ẹni tó gbà láti ṣe baba ìsàmì fún ọmọ mẹ́wàá ti jẹ gbèsè ìlọ́po mẹ́wàá. Àwàdà tó gbajúmọ̀ níbẹ̀ ni ti ninong tó ń sá pamọ́ lọ́jọ́ náà.

Ìbéèrè: Òṣìṣẹ́ mẹ́fà ló wà nílé iṣẹ́ búrẹ́dì mi. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń tọrọ owó ṣáájú òpin oṣù. Ṣé kí n máa sanwó lẹ́ẹ̀mejì lóṣù bíi ti Fílípínì? (Oníbúrẹ́dì, Yábà, Òǹdó)

Ìdáhùn: Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà kò dí yín lọ́wọ́, ohun tó sọ ni pé àárín ìsanwó kò gbọ́dọ̀ ju oṣù kan lọ. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí nǹkan mẹ́ta. Lákọ̀ọ́kọ́, owó tí ẹ̀ ń yọ. Ẹni tó ń gba 80,000, tí ẹ̀ ń yọ 10,000 fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, bí ẹ bá fún un ní 40,000 lọ́jọ́ 15, 30,000 ló máa rí lópin oṣù, á sì ní ẹ ti yí i. Ẹ yọ 5,000-5,000, kó máa gba 35,000 lẹ́ẹ̀mejì.

Èkejì, ọjọ́ tí ẹ̀ ń san owó ìyẹ̀fun kò gbọ́dọ̀ bọ́ sí ọjọ́ 15. Bí méjèèjì bá pàdé, owó òṣìṣẹ́ ni yóò sún síwájú, tó bá sì ti sún lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ètò náà ti bàjẹ́. Ẹ̀kẹta ni owó àyáṣáájú. Lọ́jọ́ tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ìsanwó ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ dá a dúró pátápátá, àyàfi fún àìsàn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjọ́ owó mẹ́ta lẹ ó ní lóṣù.

Ẹ má sì retí pé yóò yanjú gbogbo rẹ̀. Oṣooṣù ni ọ̀pọ̀ wọn lọ́hùn-ún ń san owó ilé, ó bá ìsanwó ẹ̀ẹ̀mejì mu. Níbí, owó ilé ọdún kan gbáko ni onílé ń béèrè, owó ilé ìwé sì jẹ́ ti táàmù. Owó tí ẹ bá gé sí wẹ́wẹ́ á jẹ́ kí wọ́n rí gàárì rà títí òpin oṣù, ṣùgbọ́n kò ní kó owó ilé jọ fún wọn.

Ìbéèrè: Olùkọ́ ni mí, 120,000 ló ń wọlé fún mi. Kò sẹ́ni tó máa fún mi ní oṣù kẹtàlá. Ṣé mo lè ṣe tèmi? (Olùkọ́, Òkè-Ìjẹ̀bú, Àkúrẹ́)

Ìdáhùn: Ẹ lè ṣe é. Ìdá kan nínú 12 owó oṣù yín ni 10,000. Àwọn ará Fílípínì ń ṣe èyí náà, paluwagan ni wọ́n ń pè é, àjọ wa gan-an ni. Ẹ kó ènìyàn mọ́kànlá jọ, 10,000 lóṣooṣù láti oṣù Kìíní sí oṣù Kọkànlá. 110,000 ni olúkúlùkù ń kó. Ẹ yan ọjọ́ ìdáwó sí ọjọ́ kejì tí alẹ́ẹ̀tì owó oṣù bá wọlé, kó má pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tó kọ́kọ́ kó ló sábà máa ń ba àjọ jẹ́: wọ́n á gbé e lọ síbi iṣẹ́ míì, fóònù rẹ̀ ò ní lọ mọ́. Ẹni tí gbogbo yín mọ ilé rẹ̀, tí owó oṣù rẹ̀ sì dájú, ni kó kó ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹ kọ orúkọ, oṣù àti iye sínú ìwé kan, kí kálukú fọwọ́ sí i, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp ẹgbẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ràn alájọ ojoojúmọ́, ẹ rántí pé owó ọjọ́ kan lóṣù ni tirẹ̀.

Gbogbo èèyàn ló máa fẹ́ kó ní oṣù Kọkànlá. A kò gbà yín níyànjú rẹ̀. Ọjà ti gbówó lórí nígbà náà, 110,000 oṣù Kọkànlá kò lè ra ohun tí ti oṣù Kẹrin lè rà. Láàárín oṣù Kejì sí oṣù Karùn-ún ni epo pupa máa ń wálẹ̀. Ẹ rà á sínú kẹ́ẹ̀gì tó gbẹ dáadáa, ẹ dé e pa, ẹ gbé e síbi tí oòrùn kò dé. Omi díẹ̀ tó bá wà nínú kẹ́ẹ̀gì ló ń ba epo jẹ́. Ìrẹsì náà ṣeé rà sílẹ̀. Ẹ̀wà kò ṣeé fi pamọ́ bẹ́ẹ̀, kòkòrò á jẹ ẹ́.

Oṣù Kìíní ni kí ẹ bẹ̀rù ju ọdún fúnra rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá sanwó oṣù Kejìlá lọ́jọ́ 20 nítorí ọdún, tí èyí tó kàn sì di ọjọ́ 31 oṣù Kìíní, ọjọ́ 42 ni owó oṣù kan fẹ́ fi gbé yín. 120,000 tó ń fún yín ní nǹkan bí 3,870 lójúmọ́ fún ọjọ́ 31 yóò di 2,857. Lọ́jọ́ tí owó bá wọlé gan-an, ẹ san owó táàmù kejì, ẹ ya owó oúnjẹ oṣù Kìíní sínú àkáǹtì tí kò ní káàdì, kí ẹ tó dé ẹnu ọ̀nà Ọjà Ọba. Aṣọ ọdún àti adìyẹ, inú owó àjọ ni kí ẹ ti rà wọ́n.