Ìkànnì mi ti wà lórí ayélujára, kí ló dé tí Google ò rí i?

Nínú àwọn lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ kan náà ló pọ̀ jù: àwọn oníṣòwò kékeré tó náwó ṣe ìkànnì, tí ẹnikẹ́ni ò sì gba ibẹ̀ wá rajà. A mú mẹ́rin. Ẹkún kan náà ni wọ́n ń sun, àmọ́ ohun tó ń pa wọ́n lẹ́kún yàtọ̀ síra.

Aṣọ òkè ni mò ń tà. Ó ti pé oṣù méjì tí ọmọ kan bá mi fi WordPress ṣe ìkànnì. Tí mo bá tẹ àdírẹ́sì rẹ̀, ó ń ṣí. Tí mo bá wá orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi lórí Google, kò sí níbẹ̀ rárá. — Oníṣòwò kan, Ìṣẹ́yìn

Ẹ kú ọjà o. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ̀ bóyá Google ò mọ̀ yín rárá ni, tàbí ó mọ̀ yín, ó kàn fi yín sẹ́yìn ni. Ẹ ṣí Google, ẹ tẹ site: kí ẹ lẹ àdírẹ́sì yín mọ́ ọn láìfi àyè sílẹ̀, báyìí: site:orukoyin.com.ng. Bí ojú ewé kan bá jáde, wọ́n ti mọ̀ yín. Bí kò bá sí nǹkan kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé Googlebot, ẹ̀rọ tí Google ń rán káàkiri láti ka ìkànnì, kò tíì wọlé yín, tàbí ó wá, wọ́n sì ní kó má kọ ohunkóhun sílẹ̀.

Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn la kọ́kọ́ fura sí. Ẹ wọ inú WordPress yín, ẹ tẹ Settings, ẹ tẹ Reading, ẹ wo ìsàlẹ̀. Àpótí kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ "Discourage search engines from indexing this site" sí. Àwọn tó ń ṣe ìkànnì sábà máa ń fi àmì sí i nígbà tí iṣẹ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́, kí ayé má bàa rí iṣẹ́ tí kò tíì parí. Nígbà tí iṣẹ́ bá wá parí, wọ́n á gbàgbé láti yọ ọ́. Àmì kan ṣoṣo yẹn ló ń fi àṣẹ noindex, ìyẹn pé kí Google má kọ ọ́ sílẹ̀, sí gbogbo ojú ewé yín. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ tẹ Save Changes. Bí ẹ ò bá ní ọ̀rọ̀ ìwọlé sínú WordPress yín, ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹni tó bá yín ṣe é lónìí. Ẹ̀yin lẹ ni ṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ yín ló yẹ kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi /robots.txt kún ẹ̀yìn àdírẹ́sì yín kí ẹ ṣí i. Ìwé tó ń sọ ibi tí ẹ̀rọ bíi Googlebot lè wọ̀ àti ibi tí kò gbọ́dọ̀ wọ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá rí Disallow: / lábẹ́ User-agent: * (ìyẹn gbogbo ẹ̀rọ), tí kò sí nǹkan kan lẹ́yìn àmì / yẹn, gbogbo ilẹ̀kùn ni wọ́n tì pa. Ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́. Ṣùgbọ́n Disallow: /wp-admin/ kò léwu, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn nìyẹn, oníbàárà ò ní nǹkan ṣe níbẹ̀.

Ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ti ṣí lẹ tó lè ránṣẹ́ pe àlejò. Ẹ forúkọ sílẹ̀ ní Google Search Console, ibi tí Google ti ń fi han oní-ìkànnì bí òun ṣe ń rí ìkànnì rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n á ní kí ẹ yan Domain tàbí URL prefix. Ẹ mú Domain, torí ó kó http àti https, èyí tó ní www àti èyí tí kò ní, pọ̀ sójú kan. Wọ́n á fún yín ní ọ̀rọ̀ gígùn kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú google-site-verification. Ẹ gbé e lọ síbi tí ẹ ti ra orúkọ ìkànnì yín, ẹ wọ abẹ́ DNS (ibi tí wọ́n ti ń ṣètò orúkọ ìkànnì), kí ẹ fi í kún un gẹ́gẹ́ bíi TXT, ìyẹn àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ lásán. Bí Google ò bá rí i lójú ẹsẹ̀, ẹ padà wá lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí wọ́n bá sì ti rí i tán, ẹ má pa á rẹ́, torí wọ́n ń padà wá yẹ̀ ẹ́ wò.

Nínú Search Console, ẹ tẹ Sitemaps kí ẹ kọ wp-sitemap.xml síbẹ̀. Ìwé tó to àdírẹ́sì gbogbo ojú ewé yín lẹ́sẹẹsẹ nìyẹn, WordPress sì ti ń ṣe é fúnra rẹ̀ láti ẹ̀dà 5.5 ti ọdún 2020. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀ ń lo Yoast, àfikún kan tí wọ́n ń fi sínú WordPress, sitemap_index.xml lẹ máa kọ. Kí ẹ wá lẹ àdírẹ́sì ojú ewé àkọ́kọ́ yín sínú àpótí tó wà lókè, kí ẹ tẹ Request Indexing. Ẹ̀ẹ̀kan ti tó. Bí ẹ tẹ̀ ẹ́ nígbà mẹ́wàá, kò ní torí ẹ̀ yá. Ó lè gba ọjọ́ díẹ̀, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Tí ẹ bá tẹ orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó ń jáde. Ṣùgbọ́n ta ló mọ orúkọ mi? Ẹni tó bá ń wá àdìrẹ Abẹ́òkúta ni mo fẹ́ kó rí mi. Ẹni tó ṣe ìkànnì náà ní òun ti fi keywords 40, ọ̀rọ̀ tí èèyàn lè fi wá mi, sí i. — Aládìrẹ, Ìtòkú

Ẹ má wo ti keywords 40 yẹn. Láti ọdún 2009 ni Google ti kéde pé àwọn kì í lo àpótí meta keywords, èyí tó fara pamọ́ sẹ́yìn ojú ewé, láti fi to èsì. Ohun tí oníbàárà lè fojú ara rẹ̀ kà lójú ewé ló ń ṣiṣẹ́.

Ẹ dán èyí wò: ẹ ṣí ìkànnì yín lórí fóònù, ẹ tẹ ìka mọ́ orí iye owó àdìrẹ kan bíi pé ẹ fẹ́ kọ̀pì rẹ̀. Bí kò bá ṣeé mú, inú àwòrán ló wà. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù wa ló ń gbé flyer kan ṣoṣo sójú ìkànnì, tí orúkọ, iye owó àti àdírẹ́sì wà nínú rẹ̀, tí kò sí gbólóhùn kan níta. Ẹ má fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún àwòrán nìkan. Ẹ tẹ gbogbo rẹ̀ jáde gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀.

Ẹ wá fún ọjà kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀: ẹlẹ́kọ lọ́tọ̀, oníko lọ́tọ̀, alábẹ́rẹ́ lọ́tọ̀. Ojú ewé kan tó kó gbogbo wọn pọ̀ kì í dáhùn ìbéèrè ẹnikẹ́ni dáadáa. Ẹ kọ iye yáàdì, iye owó, irú aṣọ tí ẹ pa láró, bí wọ́n ṣe máa fọ̀ ọ́ kó má bàa ṣí, àti ọjọ́ mélòó ló máa gbà kó tó dé Èkó. Ohun tí oníbàárà ń bi yín lórí WhatsApp lójoojúmọ́ gan-an ni kí ẹ kọ. Àkọlé ojú ewé, èyí tí Google sábà máa ń fi hàn ní lẹ́tà ńlá, kó sọ ọjà àti ìlú: "Adire Eleko, yáàdì márùn-ún, Itoku Abeokuta", kí orúkọ ṣọ́ọ̀bù wá tẹ̀ lé e. Bó bá jẹ́ "Home" ló wà níbẹ̀ báyìí, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ti àmì ohùn ńkọ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fi àmì sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ń wá nǹkan. Ẹ kọ Yorùbá yín dáadáa nínú àlàyé, ó yẹ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí "adire eleko" láìlámì náà wà nínú àkọlé. Nínú àdírẹ́sì ojú ewé, ẹ má fi àmì kankan sí i rárá. Bí wọ́n bá kọ̀pì líǹkì tó ní àmì sórí WhatsApp, à lè di %C3%A0, ẹ lè di %E1%BA%B9, líǹkì á wá gùn bí okùn, ẹ̀rù á sì máa ba èèyàn láti tẹ̀ ẹ́.

Àwòrán tí fóònù yà lè tó MB mẹ́rin. Ẹ dín fífẹ̀ rẹ̀ kù sí píksẹ́lì 1200, kó má ju KB 200 lọ. Ẹ yí orúkọ rẹ̀ padà kúrò ní IMG-WA0007 sí adire-eleko-aro.jpg, kí ẹ sì kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí àpótí Alt text. Ìwọ̀n tí Google fi lélẹ̀ ni pé kí ohun tó tóbi jù lójú ewé hàn láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2.5. Ẹ̀dà tó ń hàn lórí fóònù ni wọ́n sì ń kà, kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà.

Ẹnì kan ní kí n sanwó, òun á fún mi ní líǹkì 500 láti ìkànnì àwọn ẹlòmíì wá sí tèmi, màá sì di ẹni àkọ́kọ́ láàárín ọjọ́ méje. Ṣé kí n san án? — Oníbàtà, Ìbàdàn

Ẹ má san kọ́bọ̀. Google fúnra wọn sọ pé kò sẹ́ni tó lè ṣe ìlérí ipò kìn-ín-ní, òfin wọn sì lòdì sí ríra líǹkì tí wọ́n fi ń wá ipò. Bó bá sàn jù, wọn ò ní ka líǹkì náà sí. Bó bá burú, ìkànnì yín lè di èyí tí wọ́n yọ kúrò nínú èsì. Ẹ wá líǹkì lọ́dọ̀ ẹni tó mọ iṣẹ́ yín lóòótọ́: ẹni tó ń ta awọ fún yín, ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ tí ẹ wà nínú rẹ̀, ilé ìtajà tó ń gba bàtà yín tà. Mẹ́ta irú ìyẹn sàn ju 500 lọ.

Mò ń bá àwọn tó ń ṣe ìnáwó se oúnjẹ láti ilé mi. Mo fẹ́ jáde lórí máàpù, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí àlejò máa kan ilẹ̀kùn mi. — Alásè, Peckham, Lọ́ńdọ̀nù

Ó ṣeé ṣe, mà. Ẹ ṣí Google Business Profile, ojú ewé tí Google fi ń gbé iṣẹ́ èèyàn jáde lórí máàpù, ọ̀fẹ́ lòun náà. Ẹ kọ Caterer sí ìsọ̀rí iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n bá béèrè àdírẹ́sì, ẹ sọ pé ẹ̀yin lẹ̀ ń lọ bá oníbàárà, kí ẹ fi àdírẹ́sì ilé pamọ́, kí ẹ wá kọ àwọn agbègbè tí ẹ̀ ń gbé oúnjẹ dé. Kò gbọ́dọ̀ ju 20 lọ, kò sì yẹ kó jìnnà ju nǹkan bíi wákàtí méjì lọ tí èèyàn bá wakọ̀ láti ọ̀dọ̀ yín. Orúkọ iṣẹ́ yín gan-an ni kí ẹ kọ. Bí ẹ bá fi "Best Jollof London" kún un, wọ́n lè dá àkáǹtì dúró.

Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń wò: bí iṣẹ́ yín ṣe bá ìbéèrè mu, bí ẹ ṣe sún mọ́ ẹni tó ń wá yín, àti bí àwọn èèyàn ṣe mọ̀ yín tó. Apá kẹta yẹn lọwọ́ yín lè tó jù. Lẹ́yìn òde kọ̀ọ̀kan, ẹ fi líǹkì ránṣẹ́ sí oníbàárà pé kó kọ èrò rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ má fún un ní ẹ̀bùn tàbí ẹ̀dínwó nítorí ẹ̀, òfin ò gbà á. Nọ́ńbà fóònù tó wà níbẹ̀ àti èyí tó wà lójú ìkànnì yín gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà.

Kí wọ́n tó gbé yín jáde, wọ́n lè ní kí ẹ ya fídíò kan: àmì orúkọ àdúgbò yín, ìkòkò àti ohun èlò tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́, àti ìwé tó fi hàn pé ẹ̀yin lẹ ni iṣẹ́ náà. Ó lè jẹ́ nọ́ńbà ìdánilójú ni wọ́n máa fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Ẹ má sọ nọ́ńbà yẹn fún ẹnikẹ́ni tó bá pè yín, kódà bó ní òun ń pè láti Google. Bó bá tún béèrè owó, ẹ pa fóònù náà.