Ẹ má tíì fún ọmọ yẹn ní bee pollen: ohun tí ojú èmi rí

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìbéèrè yín. Ọmọ yín ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, oúnjẹ kì í wù ú jẹ, ọ̀fìnkìn kì í sì í fi í sílẹ̀ tí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ní kí ẹ máa fún un ní bee pollen, ìyẹn lẹ́búlẹ́bú òdòdó tí oyin ń kó wálé, ẹ wá ń bèèrè iye ṣíbí tó yẹ kó máa lá lójúmọ́. Àwọn tó kọ́kọ́ dáhùn ní ṣíbí kan láàárọ̀, ṣíbí kan lálẹ́. Àyà mi já nígbà tí mo kà á. Ọ̀fìnkìn ọyẹ́ yìí kan náà ló gbé èmi dé ìdí ẹ̀, díẹ̀ ló sì kù kí n bá a lọ.

Ọdún kẹrin rèé. Olùkọ́ ni mí ní Ìbàdàn. Láti oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kejì, mi ò ní yé sín, ojú á máa yún mi, imú á máa dà. Obìnrin kan tó ń ta oògùn amáralókun ló gbé ìgò kéékèèké wá sí yàrá àwa olùkọ́. Ó ní lẹ́búlẹ́bú òdòdó tí oyin fẹsẹ̀ ara rẹ̀ kó wálé ni, kò sí kẹ́míkà kankan nínú ẹ̀, ó ń lé ọ̀fìnkìn, ó ń fún ẹ̀jẹ̀ lókun. ₦4,500 ni mo ra ìgò kan. Mo dà á sí àtẹ́lẹwọ́: hóró wínníwínní bí ọkà bàbà tí wọ́n fọ́, òmíràn pupa rúsúrúsú, òmíràn bí àwọ̀ ẹyin adìyẹ, òmíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú. Ó ń rùn bíi koríko gbígbẹ tí wọ́n ta oyin sí. Ó kọ́kọ́ dùn lẹ́nu, ó wá korò díẹ̀ lẹ́yìn ahọ́n.

Ìdajì ṣíbí tíì ni mo lá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kò pẹ́ tí àjà ẹnu fi bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi, ó yún mi dé inú etí. Mo pe obìnrin náà, ó ní ó ń fọ ara mi mọ́ ni, kí n má dáwọ́ dúró. Mo lá a ọjọ́ kejì, mo lá a ọjọ́ kẹta, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run mí, ara mi sì lé. Mo gba ilé ìwòsàn lọ. Dókítà tó rí mi kò gbé ojú kúrò lórí ìwé. Ó ní ibà ni. Mo ní, "Dókítà, nǹkan kan wà tí mo ń lá láàárọ̀." Ó ní kí n fi àgbo sílẹ̀, kí n lọ lo oògùn ibà. Kò bi mí pé kí ni mo ń lá. Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí títí di òní, nítorí ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn ni ì bá ti gbà mí. Nítorí oògùn ibà, mo gbé ìgò náà tì fún ọ̀sẹ̀ kan. Ara mi yá. Mo gbà pé ibà ni lóòótọ́. Ni mo bá tún mú ìgò mi, kí n lè rí èrè owó mi, mo bu ṣíbí ìjẹun kan gbáko sínú ògì.

Ọjọ́ Sátidé ni. Mi ò tíì jẹ àkàrà kejì tán tí ẹnu fi ń yún mi. Ó bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, ó bọ́ sí àtẹ́lẹsẹ̀, mo ń fi ẹsẹ̀ gbo simẹ́ńtì. Nígbà tí mo wo dígí, ìpéǹpéjú mi ti wú bo ojú, ètè mi yọ síta bí ètè ẹni tí wọ́n gbá lẹ́ṣẹ̀ẹ́. Ara mi lé kúlúkúlú láti ọrùn dé itan. Mo bì. Mo pe ọmọ mi obìnrin, ohùn tó jáde kì í ṣe ohùn mi. Lẹ́yìn náà ni ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í dí, bí ìgbà tí ènìyàn ń fa afẹ́fẹ́ gba inú òwú. Òòyì ń kọ́ mi, mi ò lè dìde. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni ọmọ mi nígbà yẹn. Láìwọ bàtà ló sáré jáde lọ dá kórópe dúró.

Ọkùnrin oníkẹ́míìsì tó wà ní igun àdúgbò wa ní ká fún mi ní Piriton ká sì dúró wò ó. Ọmọ mi kò gbọ́ tirẹ̀, Ọlọ́run ló fún un lọ́gbọ́n. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: Piriton lè mú kí ara dẹ́kun yíyún, kò lè ṣí ọ̀fun tó ti ń dí. Ẹni tí ohùn rẹ̀ bá ti yí padà lẹ́yìn oúnjẹ, ilé ìwòsàn tààrà.

A débẹ̀, nọ́ọ̀sì tó jókòó nídìí tábìlì ní ká lọ gba káàdì ná. Ọmọ mi ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mọ́mì mi ò lè mí." Ó ní káàdì ló ń ṣáájú. Ọmọ sáré lọ sí ibi káàdì, wọ́n ní àwọn ò ní ṣéńjì. Orí bẹ́ńṣì ni mo wà, tí mò ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀, tí mò ń wo ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá. Dókítà ọ̀dọ́ kan ló rí ètè mi bó ṣe ń lọ. Ó dúró. Ó ní, "Mà, kí lẹ jẹ?" Òun lẹni àkọ́kọ́ tó bi mí. Abẹ́rẹ́ adrenaline ló gún mi nítan, láti orí aṣọ, kò tilẹ̀ dúró kí wọ́n gbé mi dé orí bẹ́ẹ̀dì. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, mo gbọ́ tí afẹ́fẹ́ wọ inú mi.

Kò tó wákàtí méjì tí àwọn tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fi ní kí n máa lọ sílé. Wọn ò sọ nǹkan kan fún mi. Nígbà tó di òru, láìjẹ ohunkóhun, gbogbo ẹ̀ tún padà dé: ara lílé, ètè wíwú, ọ̀fun dídí. Ilé ìwòsàn mìíràn la sáré lọ, ibẹ̀ ni mo sùn mọ́jú. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣàlàyé fún mi pé ó máa ń padà wá bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, lẹ́yìn wákàtí púpọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ fi ojú sí ènìyàn. Tó bá ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú yín, tí wọ́n bá ní kí ẹ máa lọ kíákíá, ẹ má gbà. Ẹ jókòó síbẹ̀.

Ara tó bá ń bá lẹ́búlẹ́bú òdòdó jà nínú afẹ́fẹ́, tó ń mú ènìyàn sín tí imú sì ń dà, òun náà lè bá a jà nínú ikùn, níbi tí ohun tí ṣíbí kan kó dé ti pọ̀ ju ti afẹ́fẹ́ lọ fíìfíì. Àwọn tó ń pè é ní oògùn ọ̀fìnkìn kì í sọ èyí. Mo gbọ́ onímọ̀ oúnjẹ kan lórí rédíò tó ní kò lè pa ẹnikẹ́ni lára nítorí pé láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ló ti wá. Inú bí mi dé góńgó. Ẹ̀pà náà láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ló ti wá, ó sì ń pa ẹni tí ara rẹ̀ kò gbà á.

Nígbà tí ara mi balẹ̀, mo lọ bá ọlọ́yin kan lọ́nà Ìsẹ́yìn, torí mo fẹ́ fojú ara mi rí nǹkan náà. Ó fi pákó kan hàn mí lẹ́nu àpótí oyin, ihò wínníwínní ló lù sí i, ihò kọ̀ọ̀kan kò ju mílímítà 5 lọ. Oyin á fún ara rẹ̀ wọlé, ẹrù tó dì mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ á já sínú àtẹ ìsàlẹ̀. Oyin ti fi omi òdòdó láti ẹnu rẹ̀ po ẹrù náà kó tó dì í. Oúnjẹ àwọn ọmọ rẹ̀ ni, nítorí náà ọlọ́yin tó bá mọ̀ ọ́n ṣe kì í gba gbogbo ẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ó ní kí n fọwọ́ kàn án: ó tutù, ó rọ̀. Omi inú ẹ̀ lè tó ìdá 20 sí 30 nínú 100 lọ́jọ́ tí wọ́n bá kó o. Tí wọn ò bá tètè gbẹ ẹ́, ní nǹkan bíi 40°C, kó má gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò bu. Èyí tó bá gbẹ dáadáa á máa ró ṣákáṣáká nínú ìgò. Èyí tó bá ti lẹ̀ mọ́ra tàbí tó ń rùn bíi aṣọ tí kò gbẹ, ẹ dà á nù. Kí ẹ sì wo nọ́ńbà NAFDAC lára ìgò. Kò sí lára tèmi, mi ò sì wò ó nígbà náà.

Ọlọ́yin yẹn tún ní tí ọyẹ́ bá wọlé, ìtànná ewé Akíntọ́lá ni oyin ń yà sí jù. Ewé náà ní májèlé kan tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ tó bá pọ̀ nínú ara, irú ẹ̀ sì wà nínú àwọn ewéko mìíràn káàkiri ayé. Ìdí rèé tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi ṣe òfin ní 2020 pé irú májèlé bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju máíkírógíráàmù 500 lọ nínú kílò kan lẹ́búlẹ́bú òdòdó. Ta ló ń wọn ti èyí tí wọ́n ń gbé kiri ọ́fíìsì?

Ẹni tó kọ̀wé ṣáájú mi pé òun ń lo ti Ṣáínà tó ń mú ikùn wọlé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáwọ́ dúró. Ní 2014, FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ nípa irú bee pollen bẹ́ẹ̀ tí wọ́n rí sibutramine, oògùn tó ń pa ebi, nínú ẹ̀, tí wọn ò kọ ọ́ sára ìgò. Oògùn tí wọ́n ti kó kúrò lọ́jà ní 2010 ni, nítorí ohun tó ń ṣe fún ọkàn. Aláboyún àti ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ má fọwọ́ kan bee pollen. Oyin gan-an, ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan.

Ẹ má bínú, ìbéèrè yín ni mo fẹ́ dáhùn. Kò sí iye ṣíbí tí mo lè sọ fún irú ọmọ yìí. Ọmọ tí ọ̀fìnkìn ọyẹ́ ń dà láàmú lọ́dọọdún, pàápàá tí ikọ́ fée bá wà nínú ìdílé, ẹ má fún un rárá àfi tí dókítà tó mọ̀ nípa àlẹ́jì bá ti yẹ̀ ẹ́ wò. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, tí kì í sín, hóró kan ni kó fi bẹ̀rẹ̀, lójú mọmọ, kí ènìyàn wà nítòsí.

Ní ti oúnjẹ tí kì í jẹ, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá aràn wà nínú rẹ̀, ẹ dín bisikíìtì kù. Ní ti okun tí wọ́n ní ó wà nínú ẹ̀: pùròtéènì inú bee pollen tó nǹkan bí ìdá 20 nínú 100, ó ń pọ̀, ó ń dín, bí òdòdó bá ṣe rí. Ṣíbí ìjẹun kan, gíráàmù 10, kò ju gíráàmù 2 pùròtéènì lọ. Ẹyin adìyẹ kan ní bíi 6. Ẹ se ẹyin fún ọmọ, ẹ fi ẹ̀wà àti ẹja tẹ̀ lé e.

Ṣé ẹ ti fún un ní èyíkéyìí? Tó bá ti lá a, tó ń họ ètè tàbí etí, ẹ gbé ìgò yẹn kúrò níwájú ẹ̀ lónìí, ẹ mú un dání lọ bá dókítà. Tí ètè bá wú tàbí tí ohùn bá yí padà, ẹ má dúró ka èsì kankan mọ́, ẹ gbé e lọ, kí ẹ sì sọ ohun tó jẹ kí wọ́n tó bi yín.