Log yín ti kú kí sáfà tó kú

Ẹ kú làálàá o. Ẹ ní VM Linux yín (kọ̀ǹpútà àfọwọ́dá tó ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà gidi) kì í yọ yín lẹ́nu látàárọ̀ ṣúlẹ̀, àfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ pa á ló máa ń di gbọin, tí “Kernel panic” (kernel, ọkàn Linux, ti dákú) á bo ojú screen, bẹ́ẹ̀ ẹ tú log (àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀) títí, ẹ ò rí nǹkan kan. Mo jẹ irú ìyà yìí fún oṣù mẹ́ta gbáko ní ọ́fíìsì wa ní Yábàá.

Ẹ ò lè rí i nínú log. Tí systemd, ètò tó ń tan iṣẹ́ inú Linux tó sì ń pa wọ́n, bá ń palẹ̀ mọ́, journald tó ń kọ log náà wà lára àwọn tó máa ní kó máa relé, tí kernel bá sì panic, ohun tí ò tíì dé disk ti ṣègbé. Ẹ ṣáà wo `journalctl -b -1 -e` (òpin log ìgbà tẹ́ ẹ tàn án ṣáájú èyí), ó lè ta yín lólobó. Tí kò bá rántí boot tó kọjá, ẹ ṣẹ̀dá /var/log/journal, kẹ́ ẹ restart systemd-journald. Ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé e.

Tiwa, kọ̀ǹpútà kan ló gbé VM mẹ́rin lórí KVM (ètò Linux tó ń gbé VM), NAS kékeré kan (àpótí disk orí network) wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tá à ń fi NFS (ọ̀nà tí Linux ń gbà lo disk orí network) kó backup sí. Tí wọ́n bá mú iná lọ, tí inverter bẹ̀rẹ̀ sí í ké, NAS yẹn ni mo kọ́kọ́ máa ń pa, torí ariwo fáànù rẹ̀ ti sú mi. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo tó kàn sí VM. Á ní “A stop job is running”, aago á kà dé 1min 30s, kò ní lọ, ó di panic. Mo bá lu `virsh destroy`, ó di ilé. (Destroy ò pa fáìlì rẹ́ o, bíi kéèyàn fa wáyà iná yọ ni.)

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, MySQL (ètò tó ń tọ́jú data) inú VM kan kọ̀, kò dìde. Ìwé ọjà àlájà kan tó ń ta aṣọ ní Ìdúmọ̀tà wà nínú ẹ̀. Ìyá gba orí afárá wá bá wa, wọ́n jókòó sórí àga rọ́bà, wọ́n ń fa tẹ̀sùbáà. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá wọ́n á ní, “Ọmọ mi, ṣó ti jí?” Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló tó jí.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo fi `console=tty0 console=ttyS0` sínú GRUB_CMDLINE_LINUX ní /etc/default/grub (GRUB ni ètò tó ń tan Linux), kí ọ̀rọ̀ kernel lè máa gba serial console jáde láì dúró de log; mo ṣe update-grub, mo tún VM tàn. Mo ti ara host (kọ̀ǹpútà tó gbé VM) ṣí `virsh console`, mo pa NAS, mo pa VM, mo wá lajú sílẹ̀. Kò pẹ́ púpọ̀ tó fi jáde: “task umount blocked for more than 120 seconds” (umount, iṣẹ́ tó ń yọ disk kúrò, ti há), lẹ́yìn náà “Kernel panic - not syncing: hung_task: blocked tasks”.

NFS ń dúró de NAS tí mo ti fọwọ́ ara mi pa. Ìdúró yẹn ò sì ní òpin, bí hard mount ṣe rí nìyẹn. Èyí tó sọ ọ́ di panic gan-an ni `kernel.hung_task_panic=1` tí mo dà kọ láti ibì kan láìmọ ohun tó ń ṣe: òun ló ń ní kí kernel panic tí iṣẹ́ kan bá há pẹ́. Ojú tì mí.

Ní báyìí, VM la kọ́kọ́ ń pa, NAS gbẹ̀yìn. Mo dá hung_task_panic padà sí 0, mo sì fi `x-systemd.automount,x-systemd.idle-timeout=60` sínú fstab (fáìlì tó to àwọn disk tí Linux máa so mọ́ra) kí mount yẹn má máa wà nílẹ̀ tí backup ò bá sí lẹ́nu iṣẹ́. Mi ò lo soft (mount tí ìdúró rẹ̀ ní òpin), ó lè kọ fáìlì lábọ̀.

Tẹ́ ò bá ní NFS rárá, serial console náà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣí. Tí Call Trace (àwọn ìlà tó fi ibi tí kernel wà nígbà tó kú hàn) bá dárúkọ driver kan (ètò tó ń darí ẹ̀rọ), ẹ yan kernel àtijọ́ nínú GRUB, kẹ́ ẹ pa á wò. Kẹ́ ẹ wá fi ìlà ogún tó ṣáájú panic ránṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe fọ́tò fóònù tó gé orí ọ̀rọ̀ kúrò.