Wood warbler ni àbí willow warbler? Ẹ wo ikùn rẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ní oṣù karùn-ún yìí, mo rí ẹyẹ kékeré kan nínú igbó óákù kan ní Wales, tó ń ṣa kòkòrò jẹ lábẹ́ ewé. Àwọ̀ rẹ̀ jọ ewé, ó sì tún pọ́n rúsúrúsú. Ọ̀rẹ́ mi ní willow warbler ni, èmi ní wood warbler ni. Báwo la ṣe lè mọ̀?

Ìdáhùn: Ẹ̀yin méjèèjì ò jẹ̀bi. Àfi bí ìbejì ni wọ́n rí: nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 12 ni gígùn wọn, ìwọ̀n wọn sì jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 10. Ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀fun, kí ojú yín wá sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀fun àti òkè àyà wood warbler pọ́n rúsúrúsú, ikùn rẹ̀ wá funfun báláú, ẹ ó sì rí ààlà àwọ̀ méjèèjì kedere. Ti willow warbler ò ní ààlà. Àwọ̀ rẹ̀ ṣú díẹ̀, ó dà pọ̀ mọ́ra. Wood warbler tún ní ìlà rúsúrúsú lókè ojú bí ẹni lé tìróò, apá rẹ̀ sì gùn débi pé ìrù rẹ̀ dà bí èyí tó kúrú.

Ẹ ṣọ́ra fún ìmọ́lẹ̀ abẹ́ igi o! Tí oòrùn bá gba inú ewé kọjá, ó máa ń kun ikùn funfun yẹn ní àwọ̀ ewé. Ó ti tàn mí jẹ rí: mo ti kọ willow warbler sínú ìwé mi kí ẹyẹ náà tó lanu kọrin.

Etí ló dájú jù. Ẹ rántí owó onírin tí ọmọdé ta bí òkòtó lórí tábìlì, bó ṣe máa ń yá sí i nígbà tó bá fẹ́ ṣubú: tì, tì, tì-tì-títítírírírí. Orin wood warbler nìyẹn. Nígbà míì á tún ṣe píù, píù, píù, bí ẹni tí nǹkan ń dùn. Orin willow warbler máa ń bẹ̀rẹ̀ lókè, á sì rọra sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni ń bọ̀ lórí àkàbà. Chiffchaff, ẹ̀kẹta wọn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń dúdú, kàn ń tún ohùn méjì pè ṣáá ni. Ní ọdún 1768, Gilbert White, àlùfáà ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti fi ohùn ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀, nígbà tí orúkọ kan náà ni wọ́n ń pè wọ́n.

Tí wood warbler bá ń ké píù láìdákẹ́ nítòsí yín, ẹ wo ilẹ̀ kí ẹ tó gbẹ́sẹ̀, kí ẹ sì rọra padà sẹ́yìn. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló ń kọ́ ìtẹ́ rẹ̀ sí, sáàárín koríko àti ewé gbígbẹ.